Àwọn Tí Ó Ṣubú àti Àwọn Tí Ó Na Ọwọ́ sí Wọn

    

Ọkùnrin kan ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún mi, nítorí ohun tí àlùfáà bá gbọ́ níbẹ̀, inú ibojì ni ó ń bá a lọ. Nínú yàrá àlejò mi ni ó ti sọ ọ́, ó sì fún mi láyè láti sọ ọ́ fún yín, bí mo bá lè fi orúkọ rẹ̀ àti ìlú tí ó ń gbé pamọ́.

Ọmọ ilé wa ni, ó sì ti pẹ́ ní ìdálẹ̀. Kì í pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí, bí a bá sì ti fẹ́ pín Ara Olúwa, yóò rọra bọ́ síta, yóò lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìjọ sì ti túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ ìyàwó kejì. Àwọn mìíràn ní ẹgbẹ́ awo ni ó wọ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó bi í léèrè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní àkókò rògbòdìyàn kan, ó wà nínú ọkọ̀ èrò. Àwọn jàǹdùkú dá ọkọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń bi èrò kọ̀ọ̀kan léèrè ẹ̀sìn tí ó ń sìn. Wọ́n bi ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹni náà dáhùn pé onígbàgbọ́ ni òun. Wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó kan ọkùnrin wa, ó ní òun kì í ṣe Krìstẹ́nì, òun kò sì fi ìgbà kankan jẹ́ ẹ. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa lọ. Kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n fà sọ̀kalẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Fádà, ǹjẹ́ ẹnu tí mo fi sẹ́ Olúwa tún lè gba Olúwa bí?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní 1,700 ọdún tí odindi ìjọ kan ti bèèrè rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfríkà tiwa yìí, ní ìlú Carthage, tí ahoro rẹ̀ wà létí ìlú Tunis, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Tùnísíà lónìí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ajẹ́rìíkú ni a sábà máa ń rántí, àwọn tí wọ́n jù sí ẹranko, àwọn tí wọ́n bẹ́ lórí. Ó yẹ kí a rántí wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá rò pé akọni ni gbogbo wọn, a ti ṣi ìtàn náà kà. Ní Carthage, lọ́dún 250, àwọn tí ó ṣubú pọ̀ ju àwọn tí ó dúró lọ. Ohun tí ìjọ ṣe sí àwọn tí ó ṣubú náà ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ní ọdún 249 ni Decius di Késárì ní Róòmù. Ilẹ̀ ọba náà kò fara rọ nígbà náà. Ogun ń bẹ ní ààlà, àwọn ọ̀gágun sì ń já adé gbà lórí ara wọn. Decius gbà pé bí gbogbo ènìyàn bá padà sẹ́nu ẹbọ àwọn òrìṣà ìlú, ilẹ̀ yóò tòrò. Ó pàṣẹ pé kí tọkùnrin tobìnrin rúbọ. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá dé iwájú wọn yóò ta ohun mímu sílẹ̀ fún òrìṣà, yóò rúbọ, yóò tọ́ ẹran ẹbọ wò, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ọwọ́ sí. Àwọn awalẹ̀ ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 40 nínú iyanrìn ilẹ̀ Íjíbítì. Ọjọ́ inú oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 250 ni ó wà lára púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ ẹni tí ó rúbọ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti abúlé rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n tilẹ̀ kọ àpá tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà fi ìwé náà ṣe tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí ohun tí wọ́n bèèrè ti kéré tó lójú. Tùràrí díẹ̀ lórí iná, ẹran bíńtín lẹ́nu, kí olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é, tàbí ìyà, tàbí kí wọ́n gba dúkìá rẹ̀, kí wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ní ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 250, Póòpù Fabian kú ikú ajẹ́rìíkú ní Róòmù, ó sì lé ní ọdún kan kí ìjọ ibẹ̀ tó rí àyè yan ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù Carthage nígbà náà ni Ẹni Mímọ́ Cyprian, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ yọ nínú Àdúrà Ìyàsímímọ́ àtijọ́ ti Mísà wa. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni tẹ́lẹ̀, ọlọ́lá ni, nǹkan bí ọdún 246 ni ó sì gba Krístì gbọ́. Òun ni ó kọ ìwé lórí àwọn tí ó ṣubú, ohun tí ó sọ níbẹ̀ sì ń dun ènìyàn dọ́kàn. Ó ní ọ̀pọ̀ kò dúró kí wọ́n mú wọn kí wọ́n tó sáré lọ rúbọ fúnra wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ti àwọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn òbí gbé ọmọ ọwọ́ dání lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn kò rúbọ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó ra ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ń sọ fún ọkàn wọn pé ọwọ́ àwọn mọ́. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fara da ẹ̀wọ̀n àti ìnà títí ara fi kọ̀, tí wọ́n wá jọ̀wọ́ ara wọn. Cyprian kò da gbogbo wọn pọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó sáré lọ àti ẹni tí ìyà borí, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò wọ̀n dọ́gba.

Nínú ìnira kan náà, àwọn kan dúró. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Bona. Ọkọ rẹ̀ ni ó wọ́ ọ lọ síbi ẹbọ, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì fi ọwọ́ náà rúbọ. Ó kígbe mọ́ wọn pé òun kọ́ ni òun ṣe é, àwọn ni wọ́n ṣe é. Wọ́n lé e kúrò nílùú. Àlùfáà kan sì wà tí ń jẹ́ Numidicus. Wọ́n sun òun àti aya rẹ̀ pọ̀ nínú iná. Aya kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; wọ́n sọ òun náà ní òkúta, wọ́n fi í sílẹ̀ pé ó ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wá òkú bàbá rẹ̀ wá, tí ó sì rí i pé èémí ṣì wà nínú rẹ̀.

Ibo wá ni bíṣọ́ọ̀bù wà? Ó ti fara pamọ́. Àwọn kèfèrí ti ń pariwo ní ìta gbangba pé kí wọ́n ju Cyprian sí kìnnìún, ó sì rí i pé bí òun bá dúró, ìjà yóò le sí i lórí agbo. Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àlùfáà Róòmù pàápàá kọ̀wé tí ó jọ pé wọ́n fi ń gún un ní ọ̀rọ̀. Cyprian kò bínú. Ó fi ẹ̀dà ìwé 13 tí ó ti kọ sí agbo rẹ̀ láti ibi ìsápamọ́ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ara òun ni kò sí nílé, ọkàn òun wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo máa ń rántí àwọn ìwé náà bí mo bá jókòó sí ìdí ẹ̀rọ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí èmi kò rí ojú yín, tí ẹ̀yin náà kò sì rí tèmi. Kí ni ó wà nínú ìwé wọ̀nyẹn? Ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nìkan kọ́ ni. Ó ní kí wọ́n tọ́jú àwọn opó, àwọn aláìsàn àti àwọn tálákà. Ó ní bí àlejò láti ìlú mìíràn bá wà tí kò ní, kí wọ́n mú nínú owó òun tí òun fi sílẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà Rogatianus, kí wọ́n fi gbọ́ bùkátà onítọ̀hún. Ó ní bí wọ́n bá ń lọ wo àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n, kí wọ́n má ṣe wọ́ lọ ní agbo, kí àlùfáà kan àti díákónì kan máa lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa pààrọ̀, kí ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ má baà fura. Ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kú sínú ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, kí ìjọ lè máa rántí rẹ̀ nígbà Ẹbọ Mímọ́. Bí ìgbàgbọ́ ti rí lábẹ́ inúnibíni nìyẹn: ìgboyà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ opó náà wà níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó kú tí a kò jẹ́ kí ó parun.

Nígbà tí ọ̀rá inúnibíni náà rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn tí ó ṣubú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Ibẹ̀ ni ìṣòro gidi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n nítorí Krístì, wọ́n sì gbà pé àdúrà wọn lágbára lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwọn kan nínú wọn wá ń kọ ìwé àlàáfíà fún àwọn tí ó ṣubú: kí ìjọ gba lágbájá padà. Nígbà tí ó yá, ìwé náà kò tilẹ̀ dárúkọ gbogbo ẹni tí ó ń gbà sílẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ ni pé kí a gba lágbájá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Cyprian ní, irú ìwé kan bẹ́ẹ̀ lè mú 20 tàbí 30 ènìyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ìrònúpìwàdà, láìsí ìjẹ́wọ́. Àwọn àlùfáà kan ní Carthage, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Felicissimus, ń gbà wọ́n wọlé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pín ìjọ sí méjì.

Ní Róòmù, òdìkejì ni. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ Novatian, ọ̀mọ̀wé pàtàkì, ní kò sí ohun tí ó lè mú kí ìjọ tún fún ẹni tí ó rúbọ ní àlàáfíà mọ́, ìbáà tilẹ̀ wà lójú ikú. Kí ó máa ronú pìwà dà títí, kí ó sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n yan Cornelius ní Póòpù lọ́dún 251, Novatian kò gbà. Ó fi ara rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará mi. Ẹnì kan ní ìṣubú náà kò tó nǹkan. Ẹnì kejì ní kò sí àtúnṣe fún un. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohùn méjèèjì nínú ìjọ tiwa náà. Ohùn kìn-ín-ní ń sọ pé, "Ta ni kì í ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ó wá gba Olúwa jàre." Ohùn kejì ń sọ pé, "Irú rẹ̀ ha yẹ nínú ilé Ọlọ́run?" Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò fẹ́ràn ẹni tí ó ṣubú tó láti wo ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì rí ọgbẹ́ náà, kò sì rí ènìyàn.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ti 251, Cyprian padà sílé, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfríkà sì pàdé ní Carthage. Wọ́n kò fọwọ́ sí ti Felicissimus, wọ́n kò sì fọwọ́ sí ti Novatian. Wọ́n pinnu pé kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn tí ó ra ìwé ẹ̀rí láìrúbọ, kí a gbà wọ́n padà lẹ́yìn tí a bá ti yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò. Àwọn tí ó rúbọ, kí wọ́n máa bá ìrònúpìwàdà lọ nínú ìtọ́jú ìjọ, kí a sì fún wọn ní àlàáfíà bí ikú bá dé bá wọn. Cyprian kọ ọ́ sínú ìwé kan pé kò tọ́ kí a fi ẹni tí ó fa gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ síbi ẹbọ wé ẹni tí ó dá lọ kí aya, ọmọ àti àwọn tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè bọ́, tí ó sì tún gba àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò nílùú sínú ilé rẹ̀. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún nà, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìdájọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà le lójú wa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé wọ́n pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, wọn kò sì ti ilẹ̀kùn.

Nínú gbogbo ìwé ìgbà náà tí ó kù sọ́wọ́ wa, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Celerinus ni ó kọ ọ́ láti Róòmù. Òun fúnra rẹ̀ ti jìyà lẹ́wọ̀n nítorí Krístì, ọjọ́ 19 ni ó sì fi wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Carthage nítorí àwọn obìnrin méjì tí ó pè ní arábìnrin, Numeria àti Candida, pé wọ́n ti ṣubú. Ó ní ẹkún ni òun fi ọdún Àjíǹde sun. Ó tún sọ̀rọ̀ obìnrin tí ó san owó kí ó má baà rúbọ, tí ó gòkè dé àyè kan lọ́nà ibi ẹbọ, tí ó sì tún padà sọ̀kalẹ̀.

Kí ni àwọn arábìnrin náà wá ṣe? Àwọn onígbàgbọ́ ń sá kúrò ní Carthage nítorí inúnibíni, wọ́n ń wọ ọkọ̀ òkun wá sí Róòmù. Àwọn obìnrin wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, wọ́n pàdé wọn, wọ́n mú wọn wọ ìlú, wọ́n sì ń tọ́jú wọn. Ènìyàn 65 ni. Àwọn àgbà ìjọ Róòmù ti gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí a ó fi yan bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dúró. Wọn kò gba Ara Olúwa, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi oúnjẹ bọ́ àwọn ará Olúwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ rí ní ibùdókọ̀ ìlú àjèjì pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó sùn, ẹ mọ bí ó ti rí lára nígbà tí ẹnì kan bá kí yín ní èdè yín, tí ó sì gba àpò lọ́wọ́ yín. Ẹ fojú inú wo ẹni 65 náà. Àwọn ni wọ́n dúró ṣinṣin tí wọ́n fi di ìsáǹsá. Àwọn tí ó ṣubú ni ó sì wá pàdé wọn. Ǹjẹ́ a gbọ́ pé wọ́n kọ oúnjẹ náà? A kò gbọ́ ọ. Ẹni tí ó dúró àti ẹni tí ó ṣubú jọ jókòó nínú ilé kan, èkínní nílò èkejì.

Ó dá mi lójú pé ilé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú ìjọ la ìgbà náà já. Kò ju nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ìpàdé àkọ́kọ́ lọ tí inúnibíni mìíràn tún fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí Gallus wà lórí oyè. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù 42 tún pàdé ní Carthage. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n pinnu láti gba gbogbo àwọn tí ó ti ń ronú pìwà dà padà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ó rúbọ pẹ̀lú. Èrò wọn ni pé, báwo ni a ó ṣe ní kí ènìyàn ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Krístì, tí a ó sì fi ẹ̀jẹ̀ Krístì dù ú? Ìjọ mọ̀ pé ẹni tí ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lè dúró lẹ́ẹ̀kejì. Cyprian fúnra rẹ̀ ti dárúkọ àwọn ọkùnrin méjì kan, Castus àti Aemilius, tí ìyà borí nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà kejì, iná pàápàá kò lè mì wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 252, àjàkálẹ̀ àrùn kọ lu Carthage. Òkú wà nígboro, olúkúlùkù ń sá fún ẹbí rẹ̀. Cyprian pe ìjọ jọ, ó ní bí wọ́n bá tọ́jú ara wọn nìkan, kí ni wọ́n ṣe ju ti kèfèrí lọ? Olówó mú owó wá, tálákà mú agbára apá rẹ̀ wá, wọ́n sì tọ́jú ẹni gbogbo, àti àwọn tí ó ti ń pariwo pé kí wọ́n jù wọ́n sí kìnnìún. Láàrin ìgbà náà ni ìròyìn dé láti Numidia pé àwọn agbénipa kó àwọn onígbàgbọ́ lẹ́rú. Ìjọ Carthage dá owó ìràpadà jọ, ó sì tó 100,000 owó Róòmù tí à ń pè ní sestertius. Ta ni ó dá a? Ìjọ kan náà tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣubú lọ́dún 250 ni. Bí wọ́n bá ti lé gbogbo wọn dànù, ta ni ì bá ru òkú, ta ni ì bá dá owó?

Bíṣọ́ọ̀bù tí ó sá pamọ́ náà ńkọ́? Nígbà tí Késárì Valerian tún gbé inúnibíni dìde lọ́dún 257, wọ́n lé Cyprian lọ sí Curubis. Lọ́dún kejì wọ́n mú un padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù jẹ́rìí láàrin agbo tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 258, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n fún ẹni tí yóò bẹ́ òun lórí ní owó wúrà 25. Àwọn onígbàgbọ́ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Mo gbàgbọ́ pé àwọn tí ó ti ṣubú rí, tí ó ti gbé dìde, wà láàrin wọn.

Ẹ̀yin ará mi, mo sọ ìtàn yìí fún ọkùnrin wa lábẹ́ òrùlé mi, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. N kò sọ fún un pé ohun tí ó ṣe kò tó nǹkan. Òun gan-an ì bá má gbà, nítorí ojú ẹni tí wọ́n fà sọ̀kalẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìbẹ̀rù ikú máa ń dín ẹ̀bi kù níwájú Ọlọ́run tí ó mọ ẹran ara wa, pé Pétérù sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, Olúwa sì fi agbo lé e lọ́wọ́, àti pé Sákráméǹtì Ìjẹ́wọ́ wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹnu tí ẹ fi sẹ́ ẹ náà ni ẹ ó fi jẹ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ẹ ó sì fi gbà á." Ó sunkún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí wà láàrin òun àti Ọlọ́run. Ohun tí mo lè sọ ni pé ní ọjọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù kàn yín, ó sì kàn mí. Láti ọdún mélòó kan ni ọkùnrin yìí ti ń dúró níta, tí a sì ń rí i. A mọ̀ pé kò gba Olúwa; a kò mọ̀ pé ó ń jẹ̀rora. Ìjọ Carthage kò ní rédíò, kò ní ilé ìjọsìn tí ó tó tiwa, bíṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ìsápamọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ orúkọ ẹni tí ó ṣubú, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwa tí a jọ ti ilé wá, tí a jọ ń kọrin ní èdè kan náà, ẹ̀sùn ni a fi dí ihò àìmọ̀.

Ẹ wò yí ká ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹnì kan lè wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn kò wá rárá mọ́, nítorí iṣẹ́ tí ó fi ìgbàgbọ́ pamọ́ kí ó lè rí, tàbí nítorí ohun tí ó wọ̀ nígbà ìpọ́njú, ojú sì ń tì í. Ẹ má ṣe bi í pé kí ni ó ṣe. Àlùfáà ni yóò gbọ́ ìyẹn. Ẹ kí i. Ẹ bá a rìn dé ilé. Bí ó bá ní ohun tí ó lè ṣe fún ìjọ, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é, nítorí ẹni tí ó ń fi oúnjẹ bọ́ àlejò ní èbúté ti wà lójú ọ̀nà ilé. Ìwọ tí o sì ń gbọ́ mi, tí ó jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, ilẹ̀kùn kò tì. Wá.

A ń ṣe ìrántí Ẹni Mímọ́ Cornelius àti Ẹni Mímọ́ Cyprian ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdọọdún. Bí ọjọ́ náà bá pé, ẹ bá mi gbàdúrà fún ẹni náà tí wọ́n fà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. A kò mọ orúkọ rẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní Carthage, ṣùgbọ́n Olúwa tí ó jẹ́wọ́ mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè mú wa dúró. Bí a bá sì ṣubú, kí ó má ṣe jẹ́ kí a ṣubú síbi tí kò sí ẹni tí yóò na ọwọ́ sí wa. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín. Ó dìgbà kan ná o.